Aṣọ Ìyá Mi Lábẹ́ Áyọ́ọ̀nù

Ìbéèrè kan náà ni ìyá mi fi máa ń parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù láti ọdún mẹ́ta tí mo ti kúrò nílé. Kì í bi mí bóyá mo ti jẹun, kì í bi mí ìgbà tí mò ń bọ̀. Tó bá ti kí mi tán, tó ròyìn àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ àti orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò wá ní, "Ṣé wọ́n mọ̀ ẹ́ níbẹ̀?"

Èmi náà ní ìdáhùn kan tí n kì í pààrọ̀. "Wọ́n mọ̀ mí, mà."

Irọ́ ni. Ẹni tí wọ́n mọ̀ ní Ìsọlọ̀ kì í ṣe èmi. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìmẹ̀kọ ni wọ́n mọ̀, èmi ni mo sì fi ẹnu ara mi dá a.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, Kétu Alákétu tó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nínú ilé tí olùkọ́ sì ń fi Faransé pàṣẹ fún wa ní ilé ìwé. Ọ̀nà tó gbé mi wá kò ní ìtàn. Mo wọ mọ́tò, mo sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ Òṣòdì. Ariwo pọ̀ débi pé n kò gbọ́ ọ mọ́. Ó dà bí ẹni pé mo wà nísàlẹ̀ odò tí gbogbo ayé sì ń sọ̀rọ̀ lókè. Lójijì ni mo gbọ́ orúkọ ìlú mi. "Kétu! Kétu! Wọlé, Kétu!" Kọ̀ńdọ́kítọ̀ bíi mẹ́rin ló ń ké e. Ọkàn mi fò sókè, mo sáré bá ọ̀kan nínú wọn, mo bi í bóyá òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀hún dé ni.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Àǹtí, Kétu tó wà níwájú níbí ni, lẹ́yìn Òjòta. Ẹ máa wọlé àbí ẹ ò ní wọlé?"

N kò wọlé. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù mi, mo ń gbọ́ orúkọ ìlú mi lẹ́nu àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Obìnrin alágbàfọ̀ àkọ́kọ́ tí mo tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ débì kan. Ó ti gbọ́ ọ lóhùn mi. "Ará Kutonu ni ẹ́?"

"Rárá, mà. Kétu ni."

"Gbogbo ẹ̀ náà ni Kutonu. Mi ò lè gbà ẹ́ o. Ẹ máa ń kó aṣọ oníbàárà sá lọ."

Lọ́jọ́ kejì, ní Àjàó Estate, obìnrin alágbàfọ̀ mìíràn bi mí ní ìbéèrè yẹn kan náà, ẹnu mi sì dáhùn kí n tó rò ó. Mo ní Ìmẹ̀kọ. Ìmẹ̀kọ wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sún mọ́ wa débi pé ohùn wa jọra, ààlà ìjọba ló kàn la àárín wa kọjá. Obìnrin náà, tí mo wá ń pè ní Mọ̀dámù, mi orí, ó nawọ́ búrọ́ọ̀ṣì sí mi. Bí mo ṣe di ará Nàìjíríà nìyẹn.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ bá mi lára mu. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn òṣìṣẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń fọ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń kó o wá. Ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú, ooru omi gbígbóná á kún inú ṣọ́ọ̀bù, bàálù á máa kọjá lórí páànù wa, áyọ́ọ̀nù á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Nínú ikùn ni mo ti ń ka iye aṣọ, nítorí pé Faransé ni mo fi ń kà á. Lójú ara mi, èmi nìkan ló mọ̀ pé ẹlòmíràn wà nínú mi tó ń fi Faransé kà.

Ohun kan tún wà tí èmi nìkan mọ̀. Kíjìpá, aṣọ òwú aláfọwọ́hun tí ìyá mi fi pọ̀n mí, ni mo fi di ẹrù mi nígbà tí mo ń bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tábìlì tí mo ń lọ aṣọ lórí rẹ̀ kò ní ohun tí wọ́n tẹ́ sí i, kíjìpá sì nípọn dáadáa. Mo tẹ́ ẹ, mo fi ìṣó kàn án mọ́ etí tábìlì. Mo sọ fún ara mi pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan iná lọ, mo gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ lórí rẹ̀, mo jáde lọ sá aṣọ. Iná dé lẹ́yìn mi. Nígbà tí òórùn jíjó pè mí padà, àpá ojú áyọ́ọ̀nù ti wà lára aṣọ náà, ó pọ́n rúsúrúsú, ó mú ṣóńṣó lórí, ó gbòòrò nídìí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. N kò tú u kúrò nítorí pé iṣẹ́ wà nílẹ̀, bó sì ṣe di ọdún mẹ́ta nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè ló máa ń ṣòro fún àlejò. Láàárín ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ á gbé e. Ní òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń mọ̀ pé gbogbo ènìyàn ní ibi tí wọ́n ń lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀rẹ́ méjì. Tósìn, ọmọ Ìjẹ̀bú, ń ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Oníbàárà mi ni, ọjọ́ tó bá mi jà nítorí bọ́tìnnì kan tó já ni ọ̀rẹ́ wa bẹ̀rẹ̀. Òun ló mú mi mọ Rísì, tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Bọ́ládé. Ìsẹ́yìn ni àwọn òbí Rísì ti wá, ṣùgbọ́n Ìsọlọ̀ ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ náà ni ẹnu rẹ̀ ti mú. Wọn kò pe orúkọ mi rí. "Ìmẹ̀kọ, wá jẹun." "Ìmẹ̀kọ, o ti sanra." Bí wọ́n bá ṣe ń fi ìfẹ́ pè é tó ni ó ń gún mi tó. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Èmi ń retí ọjọ́ kan náà, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ọjọ́ tó bá dé, n kò ní ní ẹnikẹ́ni mọ́ ní Èkó.

Rísì ló sọ fún mi nípa ọdún àdúgbò wọn. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kò ní ẹbọ, kò ní ariwo, kò ní oyè. Nígbà láéláé, àwọn obìnrin tó ti ìlú oríṣiríṣi wá ń tajà lẹ́bàá rélùwéè Òṣòdì ń gbé àwọn ọmọ wọn sùn sínú oòrùn. Wọ́n wá mú ìró wọn tó ti gbó, wọ́n rán an pọ̀, wọ́n ta á sókè bí ìbòji. Àwọn obìnrin náà ti lọ, aṣọ náà kò lọ. Lọ́dọọdún, àdúgbò á fọ aṣọ ìbòji yìí ní Sátidé, wọn á ta á sójú títì ní Sọ́ńdè, tàgbàtèwe á jókòó sábẹ́ rẹ̀. Àlejò tó bá ti lo ọdún mẹ́ta lè rán aṣọ tirẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá ti wà lára rẹ̀, ó ti di ọmọ ilé.

"A ti sọ fún Ìyá Àgbà pé ìwọ ló kàn lọ́dún yìí," Rísì ní. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí ìyá rẹ̀, òun ló sì ń di abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán an mú. "Kàn lọ gba ìró kan lọ́wọ́ ìyá ẹ ní Ìmẹ̀kọ. Má mú aṣọ tuntun wá o. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnì kan nílé yín ti wọ̀ gbó."

Tósìn fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. "O ti dé nìyẹn. O ò ní pa dà síbi kankan mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn gan-an ni. Ṣùgbọ́n n kò lè gbé kíjìpá yẹn síwájú àgbàlagbà kan kí n máa pe ìlú tí kì í ṣe ìlú ìyá mi lé e lórí. Irọ́ ẹnu ni mo mọ̀ ọ́n pa. Èyí á ti kọjá ẹnu.

Mo wá ṣe ohun tí alágbàfọ̀ nìkan ló lè rò. Mo ra ìró àǹkárá kan ní Òṣòdì, mo fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́sàn-án. Mo rẹ ẹ́ sínú omi sódà, mo sá a sínú oòrùn gangan, mo fi òkúta ha etí rẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Nígbà tí mo lọ̀ ọ́ tán, ẹni tó bá rí i á ní ìyá àgbà kan ló ti fi ṣe ogún ọdún. Orí mi wú, kí n má parọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi tó dára jù lọ ni.

Ní Sátidé, a fọ aṣọ ìbòji. Ó gùn láti ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà dé ilé karùn-ún. Àwọn ọkùnrin ń pọn omi, àwa obìnrin ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú ọpọ́n ńláńlá, a ń kun orin láì la ẹnu. Bí àjákù kan bá ti kan ọwọ́ ẹnì kan, á pe ìlú tó ti wá. Ìsẹ́yìn. Ìjẹ̀bú-Igbó. Ṣakí. Ìlaròó. Mo ti gbọ́ orúkọ ìlú ní Òṣòdì rí, àwọn tó ń pè é ń pè é kí ènìyàn baà lè wọlé kí ó sì máa lọ. Àwọn tibí ń pè é jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń jí ọmọ. Ọṣẹ dúdú ń hó dé orúnkún wa, oòrùn ń tàn nínú ìfófòó rẹ̀, ó wá ń ṣe mí bíi pé gbogbo ìlú tí wọ́n ń pè ló wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi tí mo sì ń rìn lọ lórí wọn láì tí ì kúrò lójú kan.

Àpá ìpẹtà irin kan wà lára aṣọ náà tí wọn kò rí nǹkan ṣe sí láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ní kí wọ́n wá ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀. Mo fi ra á, mo sá ibẹ̀ sínú oòrùn, ó kúrò. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. "Ìmẹ̀kọ, o ṣé o! Ọwọ́ ẹ ò ní rọ!" Rísì gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní ṣé wọ́n ti rí ọ̀rẹ́ òun. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé ọṣẹ ló kó sí mi lójú.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, lẹ́yìn tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti dé, a pé jọ sí iwájú ilé Ìyá Àgbà. Ó jókòó sórí àpótí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ àǹkárá mi sí i. Kò wò ó rárá. Ó gbé e sí imú.

"Ta ló wọ̀ ọ́?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Ìyá ẹ kì í làágùn ni?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Òun kò rín. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé etí aṣọ náà láti igun dé igun. "Ìró máa ń gbó níbi tí wọ́n ń so ó mọ́ kí ó tó gbó níbòmíì. Ibi tí wọ́n ń jókòó lé náà á ti fẹ́lẹ́. Èyí gbó lọ́gbọọgba. Ọmọ mi, aṣọ yìí ti darúgbó, ṣùgbọ́n kò bá ẹnì kankan gbé rí."

Mo wo ilẹ̀. Mo rò ó pé kí n sọ pé àbúrò ìyá mi ló ni ín, pé kì í wọ̀ ọ́ púpọ̀. Irọ́ náà ti dé ẹnu mi. Ó rẹ̀ mí.

"Òṣòdì ni mo ti rà á, mà. Èmi ni mo fọ̀ ọ́ gbó. N kì í sì í ṣe ará Ìmẹ̀kọ. Kétu ni mo ti wá, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Wọn ò fún mi níṣẹ́ nígbà tí mo sọ òótọ́ ni mo ṣe parọ́, n kò sì mọ bí mo ṣe máa dẹ́kun rẹ̀."

Rísì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọdún mẹ́ta! A jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Mò ń pariwo Ìmẹ̀kọ, Ìmẹ̀kọ, ò ń dá mi lóhùn. Kí lo rò pé mo máa ṣe fún ẹ tí mo bá gbọ́ Kétu? Ṣé mo jọ ẹni tó ń lé ènìyàn ni?"

"Rísì, má bínú."

"Mo ń bínú. Jẹ́ kí n bínú."

Ìyá Àgbà ká àǹkárá náà, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Fi èyí nu fèrèsé. Ṣé o ní ti gidi?"

"Mo ní in, mà. Ṣùgbọ́n ó ti jóná."

"Mo bi ẹ́ bóyá ó jóná? Lọ gbé e wá."

Tósìn ló bá mi lọ. A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Àjàó Estate, sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà. Nígbà tí mo ń fi ẹ̀yìn síbí yọ ìṣó, ó bá mi di etí aṣọ náà mú. "Ó dun Rísì ni o," ó ní. "Ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n dìde, oòrùn ń lọ." Nígbà tí a gbé aṣọ náà kúrò, mo rí i pé tábìlì náà funfun lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo iná tí mo ti jó láti ọdún mẹ́ta, ara kíjìpá ló ti mọ.

Nígbà tí a pa dà dé, Ìyá Àgbà fi àtàǹpàkò wá ojú áyọ́ọ̀nù náà kàn. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Èyí ti ṣiṣẹ́," ó ní. Ó ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò rán an. Ó nà án sí Rísì.

Àṣà wọn ni, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó mú àlejò wá ló ń gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Bí kò bá gún un, aṣọ náà á pa dà sílé, ẹnikẹ́ni kò sì lè gún un dípò rẹ̀.

Rísì gba abẹ́rẹ́. Kò wò mí. Mo lè gbọ́ bí àwọn ọmọdé ṣe ń mí. Mo mọ̀ pé tó bá gbé e kalẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní lè bá a jà.

"Kí ni orúkọ ìyá ẹ?" ó bi mí.

"Àbẹ̀kẹ́."

"Ó ti ibo wá?"

Mo dá a lóhùn bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, gbogbo rẹ̀, orúkọ, agbolé, àti ọ̀nà tó wọ ibẹ̀. Ahọ́n mi pa dà síbi tó ń gbé. N kò mọ̀ pé ó ti ń rẹ̀ ẹ́ láti ọdún mẹ́ta tó ti ń dúró lórí ìka ẹsẹ̀.

Rísì fi abẹ́rẹ́ gún kíjìpá náà. Kò wọlé. Ó tún gún un, ó gún ara rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi ìka sẹ́nu. "Aṣọ yín le bí orí yín," ó ní, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó gún un nígbà kẹta, ó wọlé.

Nígbà tí Mọ̀dámù gbọ́ ní Mọ́ńdè, mo ti ń ro ibi tí mo máa gbà lọ. Ó wá ní kí n wá nǹkan mìíràn tẹ́ sórí tábìlì. Mo tẹ́ àǹkárá náà.

Ṣùgbọ́n Sọ́ńdè ni mo ń sọ. Wọ́n ta aṣọ ìbòji sókè láti òrùlé dé òrùlé, ojú títì yí àwọ̀ pa dà. Gbogbo ìró àwọn ìyá tó ti kú, búlúù, pupa, àwọ̀ ewé, oòrùn ń gba inú wọn kọjá sí wa lójú. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sókè. Afẹ́fẹ́ á fẹ́, aṣọ náà á mí, àwa náà á mí. Mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní láàárín Tósìn àti Rísì, mo ń wo ojú áyọ́ọ̀nù mi lókè. Níbi tó ti fẹ́lẹ́, oòrùn ń gbà á jáde, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Rísì. Ó pa ojú dé, kò sún kúrò. Mo ronú pé ilé lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti lè bínú sí ọ kí o má sì di ẹrù rẹ.

Fóònù mi dún. Ìyá mi ni. Ó kí mi, ó ròyìn ewúrẹ́, ó ròyìn orúnkún. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ṣé wọ́n mọ̀ ẹ́ níbẹ̀?"

Mo ya ẹnu láti dáhùn. Rísì ti gbọ́. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi láì la ojú.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà. Ọ̀rẹ́ ọmọ yín ni mí. Òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n."

Mo gbọ́ ohùn ìyá mi láti inú fóònù. "Ẹ ṣeun," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀."